Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Ọkọ Tí Aya Ń Nà Nínú Ìwé Ìròyìn

Bí ọkọ bá na aya rẹ̀, àwọn oníròyìn a máa gbèjà obìnrin náà. Bí ó ti yẹ nìyẹn, nítorí obìnrin ni ìyà yìí ń jẹ jù. Ṣùgbọ́n bí aya bá na ọkọ, ohùn ìròyìn a yí padà, àkọlé a di ti aláwàdà: wọn a ní ìyàwó lu baálé ilé bí ẹni lu bàrà. Púpọ̀ nínú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń wá láti kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí ọkọ ti lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a tú ìgbéyàwó ká. Ohun tí ó pa ará kóòtù lẹ́rìn-ín ni oníròyìn ń kọ; kì í kọ ibi tí ọgbẹ́ wà. Àfi bí ọkọ bá kú kí ẹ̀rín tó dá.

Òfin kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn la ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí owó ìtanràn, sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀.

Ọkùnrin tí ó bá ka àkọlé ẹlẹ́yà wọ̀nyí a pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má baà fi òun náà ṣẹ̀sín. Àwọn kan a sì fi ìdákẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé irú rẹ̀ kò sí. Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí oníròyìn bi tọkọtaya: ta ni ó fara gbọgbẹ́, ta ni ẹ̀rù ń bà láti padà sílé? Ẹni tí ó bá gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò ní kọ ọ́ bí àwàdà.