Ìjẹ́wọ́ Kọ́ Ni Sísan

Ajigbèsè tí ó jẹ́wọ́ gbèsè ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì san án.

Òtítọ́ yìí ni mo ń rò bí mo ti ń ka A Journey in Service, ìwé tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kọ nípa ìgbésí-ayé rẹ̀, tí wọ́n kó jáde ní Àbújá ní oṣù kejì ọdún 2025. Ó gbà pé M.K.O. Abíọ́lá ni ó wọlé nínú ìdìbò 12 oṣù kẹfà, 1993, ó sì ní ọrùn òun olórí ni ẹ̀bi ìfagilé rẹ̀ wà. Síbẹ̀, nínú ìwé kan náà, ó ní wọ́n kéde ìfagilé ọ̀hún láìgba àṣẹ òun. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba ẹrù, ó fi tòsì sọ ọ́ sílẹ̀.

Abíọ́lá ti kú láti 1998. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà SAP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ti darúgbó. Lọ́jọ́ ìkójáde ìwé náà, kì í ṣe àwọn ni àwọn ọlọ́lá ṣèlérí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà fún. Ilé ìkàwé òǹkọ̀wé ni.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ìlú bá kọ Aláàfin, wọn a gbé igbá òfìfo fún un, yóò sì mọ̀ pé ikú ti yá. N kò wá ikú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ inú àṣà náà ni pé ìyà ìlú kò gbọdọ̀ yẹ orí olórí sílẹ̀ kí ó lọ bà lé mẹ̀kúnnù nìkan. Níbi tí ìjẹ́wọ́ bá ti ń mú ẹ̀bùn wá fún ajigbèsè, ta ni yóò tún bẹ̀rù gbèsè?