Ohùn Ta Ni À Ń Gbọ́? Àyẹ̀wò Ìkéde inú Ìwé Ìròyìn Àtijọ́ ní Ìgbèríko Skọ́tílándì

ÌFÁÁRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ìgbèríko ilẹ̀ Skọ́tílándì ṣe ń gbé ìgbésí ayé wọn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún a máa yára kọjú sí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Aberdeen Journal, tí James Chalmers bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde déédéé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1748, àti Inverness Courier, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1817, wà lára wọn. Kì í ṣe ìròyìn ogun tàbí ti ọba ni ó ń fa ọ̀pọ̀ òǹkàwé mọ́ra jù nínú wọn, bí kò ṣe àwọn ìkéde kéékèèké: oko tí a fẹ́ fi yá ènìyàn, màlúù tí ó ṣìnà, ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó mọ bí a ti ń fún wàrà, ẹrù ilé tí a fẹ́ tà ní gbànjo. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ìgbésí ayé gan-an ni ó wà níbẹ̀ láìsí àbùlà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Ìkéde a máa sọ òótọ́ nípa ohun ìní, a sì máa dákẹ́ nípa ènìyàn. Inú èdè tí a fi kọ ọ́ ni a ti lè fura sí ohun tí ó fi pamọ́.

ÌRÍSÍ ÌKÉDE

Kí ìwé ìròyìn tó dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀, ẹnu ni a fi ń kéde. Bí àwọn ènìyàn bá ń jáde nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, akéde a dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a sì kígbe ohun tí ó sọnù àti ohun tí a fẹ́ tà. Ní àwọn ìlú tí ó tóbi, a máa lu agogo tàbí ìlù kiri ìgboro. Ohùn akéde yìí kò kúrò nínú ìkéde tí a tẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Àwọn àpólà ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò ní ọdọọdún. Ibi, ọjọ́ àti wákàtí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ kí ó má ṣe kedere.

Ìkéde gbànjo oko ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù. Yóò sọ pé àgbẹ̀ kan ń fi oko sílẹ̀, yóò sì to ohun ìní rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ẹṣin ìtúlẹ̀, abo màlúù tí ó lóyún, kẹ̀kẹ́ ẹrù, ohun èlò ìtúlẹ̀, ọkà tí a ti kó jọ, ohun èlò tí a fi ń po wàrà di bọ́tà, ibùsùn, àga àti aago. Nígbà mìíràn, yóò fi kún un pé ẹni tí ó bá ní onídùúró tí ó ṣeé gbára lé lè san owó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka irú àtòjọ yìí ti wọ inú ilé náà láti ibùso ẹran títí dé yàrá. Ètò rẹ̀ pàápàá ń sọ̀rọ̀: ẹran ni ó ṣáájú, ibùsùn ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdí tí àgbẹ̀ náà fi ń lọ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àdéhùn ìyálẹ̀ ọdún 19, tí ó wọ́pọ̀ ní Skọ́tílándì, ni ó parí. Ó sì lè jẹ́ ikú, tàbí gbèsè, tàbí ìrìn àjò sí Kánádà. Gbólóhùn pé "ó ń fi oko sílẹ̀" ni aṣọ tí ó bo àṣírí gbogbo wọn.

ẸNI TÍ Ó SANWÓ

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Láti ọdún 1712 ni ìjọba ti ń gba owó-orí lórí ìkéde kọ̀ọ̀kan. Ṣílè 1 ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 1815, ó ti di ṣílè 3 àti sísì. Ní 1833 ni a dín in kù sí ṣílè 1 àti sísì. Ọdún 1853 ni a tó fagi lé e. Nítorí náà, onílẹ̀, agbẹjọ́rò, àlùfáà àti àgbẹ̀ olóko ńlá ni ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ nínú ìkéde. Alágbàṣe kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjà ìgbanisíṣẹ́. Ní àsìkò Whitsunday nínú oṣù karùn-ún àti Martinmas nínú oṣù kọkànlá ni àwọn alágbàṣe oko ń pààrọ̀ ọ̀gá. Ìwé ìròyìn a kéde ọjọ́ àti ibi ọjà náà. Bí ìdúnàádúrà bá wọ̀, àgbẹ̀ a fi owó díẹ̀ lé alágbàṣe lọ́wọ́, àdéhùn ti dì nìyẹn. Bí alágbàṣe bá sá lọ kí àsìkò tó pé, òfin ọdún 1823 fún adájọ́ ní agbára láti fi í sẹ́wọ̀n. Ọdún 1875 ni òfin mìíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ibi tí alágbàṣe náà yóò sùn àti ohun tí yóò jẹ kò sí nínú ìkéde ọjà.

Ìdákẹ́ yìí burú jù ní àwọn òkè àríwá. Ní Sutherland, ní ogún ọdún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní àwọn àfonífojì bíi Strathnaver kí àgùntàn lè jẹko níbẹ̀. Nínú èdè ìkéde oko àgùntàn, pápá dáradára ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. A lè ka iye àgùntàn tí ó lè gbà. A kì í ka àwọn tí ààrò wọn ti kú níbẹ̀.

ÈDÈ ÌKÉDE

Èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè kóòtù àti ti ìtẹ̀wé, ni a fi kọ àwọn ìkéde wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n èdè Scots ni àwọn àgbẹ̀ Aberdeen ń sọ nínú oko, èdè Gaelic sì ni ti àwọn ará òkè. Síbẹ̀, èdè ilé yọjú. Roup ni ìkéde ń pe gbànjo, stirk ni ọmọ màlúù tí ó ti ń dàgbà, quey ni abo màlúù tí kò tíì bímọ. Kì í ṣe ìfẹ́ èdè ni ó fi wọ́n síbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra màlúù gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tí a ń tà dájú, èdè tí ó fi ń da ẹran ni yóò sì fi mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohùn abúlé gbà wọ inú ìwé onílẹ̀. Láti 2011 tí British Newspaper Archive ti mú kí àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí ṣeé wá lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan wá gbànjo yóò fo ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọjá. Gaelic kò tilẹ̀ rí irú àyè bẹ́ẹ̀ tó Scots.

Àwọn alágbàṣe náà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ tiwọn. Nínú orin tí wọ́n ń kọ ní èdè Scots, wọ́n a dárúkọ oko, wọ́n a bú ọ̀gá ahun, wọ́n a yin ẹṣin, wọ́n a ráhùn nípa oúnjẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Gavin Greig tí ó jẹ́ olùkọ́ àti James Bruce Duncan tí ó jẹ́ àlùfáà kó orin tí ó lé ní 3,000 jọ ní agbègbè Aberdeen. Ìdìpọ̀ 8 ni a tẹ̀ ẹ́ sí láàárín 1981 sí 2002. Orin àwọn alágbàṣe oko wà nínú wọn.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Àwọn tí ó ń fi ìkéde àtijọ́ ṣe àwàdà ń fi iṣẹ́ ńlá ṣeré. Àwọn tí ó sì kà á sí ọ̀rọ̀ òwò lásán kò rí i pé aago, ibùsùn àti ọmọ màlúù inú rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó kù fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àṣìṣe tí ó tóbi jù ni kí a gbà pé abúlé ni ó ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó sanwó ni. Ẹni tí yóò bá ṣe àyẹ̀wò ìkéde gbọ́dọ̀ gbé orin alágbàṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tẹ́tí sí èdè tí ó yọjú níbi tí a kò ti pè é. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà.