Ìlà Abẹ́ Àkọlé: Èsì fún Àwọn Tó Ń Gbógun ti Súláìdì

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa kan nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ ti ń tẹnu mọ́ ọn pé PowerPoint ti ba ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ láàárín wa, pé ẹni tó bá ti gbé súláìdì sójú ògiri kò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́, àfi kó kẹ̀yìn sí wa kó máa kà á. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ Edward Tufte, ará Amẹ́ríkà, ló ti yá a, ẹni tó kọ ìwé pélébé kan lọ́dún 2003 láti fi bẹnu àtẹ́ lu àmì róbótó-róbótó tó máa ń wà níwájú gbólóhùn nínú súláìdì. Èmi ò bá a jà nítorí pé ó yá a. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò bèèrè irú súláìdì tí Tufte ń wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìyẹn. Èyí tí a ń wò ní Masífà, ní Èjìgbò àti ní àwọn ìletò tó yí wọn ká, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ níbi ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú, Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Kódà nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, orúkọ ìlú, orúkọ ewé àti orúkọ èèyàn inú súláìdì náà, tiwa ni.

Ẹ̀rí tí Tufte gbé kalẹ̀ lágbára, mi ò jiyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, fóòmù kan já lára táǹkì ọkọ̀ òfurufú Columbia bó ṣe ń gbéra, ó sì gbá a ní apá òsì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Boeing to súláìdì kan lórí rẹ̀ fún NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ni ọkọ̀ náà. Àkọlé rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ, fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú ìlà tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, ni wọ́n ti wá sọ pé ohun tó já náà tó 1,920 ínṣì onígun mẹ́ta, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀ kò ju 3 lọ. Ìlọ́po 640 nìyẹn, wọ́n sì rì í mọ́ ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ yángá lójú òfurufú, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ọ̀rẹ́ wa máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àmì róbótó ló pa wọ́n. Ẹ tún un wò. Ohun tí súláìdì náà fi yé wa ni pé bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, ààyè tó wà láàárín ìlà, àti ibi tí a gbé ọ̀rọ̀ kà, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọnà ni súláìdì títò, lámèyítọ́ ló tọ́ sí i, kì í ṣe èébú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àkọlé kan ṣoṣo, ti ìwàásù ọjọ́ Àìkú: Ẹ̀ṢẸ̀ ÀTI ÌDÁRÍJÌ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ kó gbayì, ló bá sọ ọ́ di dúdú kirikiri, ó sì fa ìlà sí i lábẹ́. Ìlà náà lẹ̀ mọ́ àmì tó wà lábẹ́ ẹ àti ṣ, ó gbé e mì. Bí kò bá tún sí àmì ohùn lórí rẹ̀, bó ṣe sábà máa ń rí nínú lẹ́tà ńlá, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni, bóyá ẹsẹ̀, bóyá ẹ̀ṣẹ́. Ìlà kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán ti jẹ ìdajì ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àbùkù kejì fara pamọ́ ju ìyẹn lọ. Robert Gaskins àti Dennis Austin tó ṣe PowerPoint, tó jáde fún Macintosh lọ́dún 1987, àwọn oníṣòwò elédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn, èrò yẹn kò sì tíì tán lára rẹ̀. Láti ẹ̀dà 2013, àwòṣe tó ń bá a wá fúnra rẹ̀ ti fún àárín ìlà pọ̀ sí ìdá 90 nínú 100. Bí ọ̀rọ̀ bá tún pọ̀ ju àpótí lọ, á sọ lẹ́tà di kékeré, á sì tún fún ìlà pọ̀ sí i láìbi ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì lè gba irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú Yorùbá, àmì ohùn tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ á lọ forí gbá àmì abẹ́ tó wà ní ìlà òkè. Ká má tíì sọ ti fọ́ǹtì: ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní, ńṣe ni a ń fi ègé méjì kàn wọ́n pọ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ kíkàn náà, àmì á rìn kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń ti Àbíjáǹ fi súláìdì ránṣẹ́ sílé tún ní tiwọn: kíìbọ́ọ̀dù Faransé fún wọn ní é, è àti à lọ́fẹ̀ẹ́, kò fún wọn ní àmì abẹ́ kankan.

Níbí ni mo ti yà kúrò lọ́nà ọ̀rẹ́ wa pátápátá, nítorí ẹni tó ń jà pẹ̀lú ìṣòro wọ̀nyí lójoojúmọ́ kì í ṣe olùbánisọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa ń bú. Àwọn ọ̀dọ́ inú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni, àti àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí àwọn ayàwòrán Òṣogbo àti lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù; àwọn wọ̀nyí, akọ̀wé lásán la kà wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá yọ ìlà kúrò lábẹ́ àkọlé, tó fi àwọ̀ tàbí ìwọ̀n lẹ́tà rọ́pò rẹ̀, tó pa ìfúnpọ̀ aládàáṣe yẹn, tó sì pín ọ̀rọ̀ sí súláìdì méjì dípò kó sọ ọ́ di kékeré, ó ti ṣe ìpinnu mẹ́rin tó jẹ́ ti ọnà. Àléébù wọn kò pamọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ ni kì í tẹ F5 kí ìfihàn súláìdì bẹ̀rẹ̀, tí ìlà pupa wíwọ́ tí sọ́fítíwíà ń fà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá á sì bá wọn dé ojú ògiri, lábẹ́ àmì abẹ́ gan-an.

Àtakò kan wà tó yẹ kí n dáhùn dáadáa, torí ẹnu àwọn olórin ló ti ń wá. Wọ́n ní kí ni àmì ohùn ń wá lórí súláìdì orin ìyìn, nígbà tó jẹ́ pé orin ló máa pinnu ibi tí ohùn ń gbà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ orin tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì kò yí ohùn orin rẹ̀ padà, tí ọ̀rọ̀ á máa gòkè kí orin máa sọ̀ kalẹ̀. T. K. E. Phillips, olórin ṣọ́ọ̀ṣì, ti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jà nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, lọ́dún 1953. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi tàbùkù sí àmì ohùn gan-an ni mo fi dá a láre. Bí orin bá ti gba ohùn lẹ́nu ọ̀rọ̀, ojú nìkan ló kù tí ọmọ tó dàgbà sí Àbíjáǹ, tí kò gbọ́ orin náà rí, lè fi mọ ohun tó ń kọ. Níbi ìwàásù, ẹnu oníwàásù á tún àkọlé tó bàjẹ́ ṣe. Níbi orin, ẹnu kò lè tún nǹkan kan ṣe. Nítorí náà, bó bá di dandan kí àmì kù síbì kan nínú gbogbo súláìdì ìsìn, inú orin ni kó kù sí, kí àkọlé ìwàásù lọ láìní. Àwọn kan ti wá ní kí a sọ gbogbo súláìdì orin di fọ́tò kí fọ́ǹtì má bàa yí padà. Mi ò gbà. Fọ́tò kò ṣeé tún ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí aṣáájú orin bá ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹsẹ kẹta padà. Kí wọ́n so fọ́ǹtì mọ́ fáìlì nígbà tí wọ́n bá ń fi í pamọ́, sọ́fítíwíà náà ní àyè fún ìyẹn.