Gìtá Ayé Sor, Láti Ọwọ́ Oníṣẹ́ Òde Òní

Kí Torres ará Sípéènì tó sọ gìtá di ńlá ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gìtá kéré, ìbàdí rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Lacote ń ṣe é ní Paris, Panormo ní London, Stauffer ní Vienna. Fernando Sor, tó ń kọ orin fún gìtá nígbà náà, yin iṣẹ́ Lacote nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1830.

Sùúrù àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà gìtá wọ̀nyí lónìí ló wù mí jù. Wọ́n á wọn ògbólógbòó gìtá tó ṣẹ́kù níbùú lóòró, wọ́n á fá pákó ojú ẹ̀dà náà títí yóò fi fẹ́lẹ́, wọ́n á lẹ igi tín-ín-rín sí inú rẹ̀ ní ìbú, bí Lacote ti ṣe. Okùn mẹ́ta olóhùn òkè jẹ́ ìfun àgùntàn. Mẹ́ta olóhùn ìsàlẹ̀ jẹ́ òwú sílíìkì tí a fi wáyà wé. Ohùn rẹ̀ máa ń tètè jáde, á mọ́ gaara, kì í sì í dún pẹ́. Lójú tèmi, orin Sor kò bá gìtá mìíràn mu tó bẹ́ẹ̀.

Ní Àbújá níbí, ọyẹ́ ni ọ̀tá irú pákó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Pákó náà lè là. Ẹni tó bá ní irú gìtá yìí, kó máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ohun tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì.