Àwọn Ọmọ “Caput”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yá lò, ìdílé kan wà tí títú ìtàn rẹ̀ kì í sú mi: àwọn ọmọ “caput”, ìyẹn orí, lédè Látìnì.

Ní ọdún 1066 ni William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun Harold, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Hastings. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí 300 ọdún, Faransé ló gbayì láàfin àti ní kóòtù, Látìnì ni àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé. Nígbà tí òfin jáde ní 1362 pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́, Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà!

Ọ̀nà Faransé yìí ni “chief”, ọmọ “caput” tó túmọ̀ sí olórí, gbà wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300. Òun náà la ń kọ ṣáájú orúkọ àwọn olóyè wa. Nígbà yẹn, ìró “t” wà nínú “ch” àwọn Faransé, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àwọn Faransé wá sọ ọ́ di “ṣ”. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì tún padà lọ yá ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, “chef” ló mú bọ̀, olórí àwọn alásè. Ẹ pe méjèèjì síta: ohùn wọn ló ń jẹ́rìí ìgbà tí oníkálukú wọ̀lú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni “kerchief”. “Couvre-chef” ni lẹ́nu àwọn Faransé: “couvre”, bò, “chef”, orí. Ìborí gan-an ni, àfi bíi pé Yorùbá ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n mú un kúrò lórí, wọ́n mú un dání, wọ́n wá fi “hand”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àbáláyé, ṣáájú rẹ̀. Bí orí àti ọwọ́ ṣe pàdé nìyẹn nínú aṣọ pélébé tí a fi ń nu òógùn.

“Cattle” náà kò gbẹ́yìn. Látinú “capitale”, ọmọ “caput” tó túmọ̀ sí ohun ìní, ni Normandy ti rí “catel”. “Chatel” ni wọ́n ń wí ní Paris. Gẹ̀ẹ́sì gba méjèèjì. “Chattel” di dúkìá lẹ́nu àwọn lọ́yà, “cattle” di ẹran ọ̀sìn. Láyé àtijọ́, ẹṣin, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá wà nínú “cattle”, kó tó wá ku màlúù nìkan.