Orúkọ Àlejò, Ohùn Onílé: Àyẹ̀wò Fíìmù “Ginger Baker in Africa”

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, Ginger Baker, onílù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lùlù fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Cream, fi ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Tony Palmer bá a rìn, ó sì ya ìrìn-àjò náà sínú fíìmù.

Àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ jọ ti D. O. Fágúnwà. Akọni kúrò nílé, ó la ibi líle já, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ohun tí ó ń wá. Fẹlá Ransome-Kuti ni ẹni náà níhìn-ín. Ìfìwàwẹ̀dá ni wọ́n ti yàtọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), àwọn tí wọ́n bá Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó ní orúkọ àti ẹ̀bùn tiwọn. Bí Ọlọ́hùn-iyọ̀ bá kọrin, òǹkàwé mọ ẹni tí ó ń kọrin. Àkọlé fíìmù yìí, ní tirẹ̀, dárúkọ àlejò, ó wá kó gbogbo onílé pọ̀ sábẹ́ orúkọ Áfíríkà. Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀: lára àwo orin Live!, tí àwọn ènìyàn kan náà jọ ṣe ní 1971, Fẹlá àti ẹgbẹ́ Africa ’70 ni ó ṣíwájú. Baker ni ó kẹ́yìn.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlù kì í ṣe ariwo lásán. Dùndún a máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, a sì máa kini, a máa yinni, a máa buni. Olùwòran tí kò gbọ́ èdè yóò gbádùn ìró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò fò ó.

Síbẹ̀, iṣẹ́ Palmer níye lórí. Ó fi Fẹlá hàn lórí ìtàgé ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ṣáájú ìjàm̀bá Kàlákútà ti 1977. Níbẹ̀, eré borí ìrìn-àjò. Àlejò di akẹ́kọ̀ọ́. Ìrìn náà sì so èso: Baker dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, níbi tí Paul McCartney ti gba orin kan sílẹ̀ ní 1973.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkọ̀tún tàbí Ìgándò, tí ó ń gbọ́ dùndún níbi ìnáwó, lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ Palmer kò gbọ́. Bí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ fíìmù yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, orúkọ ta ni a sì kọ sílẹ̀?