Ta Ló Ní Kò Sí Ààlà ní Ìlárá?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti sọ di àkọ́sórí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ká mọ̀ pé òun gbọ́n yóò ní, "Ààlà kẹ̀? Ṣebí Òyìnbó ló fi gègé fa ìlà sórí pépà. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa." Mo ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ti kà á nínú ìwé àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn létí, kò sì ná ẹni tó ń sọ ọ́ ní kọ́bọ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá fà á lónìí.

Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ sí Kétu ni mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Kétu ojú ọ̀nà Ìkòròdú l'Ékòó ni mò ń wí o. Bí ẹ bá dárúkọ Kétu fún ọmọ Èkó, ọjà Máìlì Twẹ́ẹ̀fù ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Kétu ti Alákétu ni mò ń wí, èyí tó wà nínú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí ẹnubodè rẹ̀ àtijọ́, Àkàbà Ìdẹ́nà, ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bàhíà, lọ́nà jíjìn réré ní Bràsíl, ń fi orúkọ ìlú náà pe ẹ̀ka ẹ̀sìn wọn. Àwa tó wà nítòsí la gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Ṣẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò, kó gbé ohun tó mọ̀ tì sápá kan ná. Kò sí tírélà tó tò gbọọrọ, kò sí ọmọ tó ń fa báàgì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ọ̀kadà ló gbé mi. Ilẹ̀ pupa ni, oko ẹ̀gẹ́, oko ẹ̀pà, igi kajú níbí, igi kajú lọ́hùn-ún. Nígbà tí a dé ìpẹ̀kun Ìlárá, okùn kan ni wọ́n ta dí ojú ọ̀nà, ọkùnrin kan sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ó ń pa ẹ̀pà jẹ.

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

"Ẹ kú ìrìn. Níbo là ń lọ?"

"Kétu ni, sà."

Ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé nóòtù kan. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá kan gbé agbada gàrí kọjá lábẹ́ okùn náà. Ìyá náà kò wò ó, òun náà kò wo ìyá. Ó sọ okùn sílẹ̀, a kọjá. Níwájú díẹ̀, ẹlòmíì tí aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Yorùbá ló fi kí mi. Ó parí.

Nínú Igbó Olódùmarè tí Fágúnwà kọ, Ànjọ̀nnú Ìbẹ̀rù ni oníbodè, ìjà àjàkú-akátá sì ni Olówó-ayé bá a jà kó tó ríbi kọjá. Ó jọ pé àwa tó fi ìwé yẹn dàgbà kì í lè ro ibodè láìro ìjà. Ẹ wo àwọn eré àti ìtàn wa tó bá débi ààlà: ìbọn, owó ẹ̀yìn, ìrẹsì tó wọlé lóru, ọlọ́pàá tó ń lé mọ́tò. Irọ́ kọ́ o, ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá gba ibi tó dákẹ́ bíi ti Ìlárá kọjá, tí kò rí ìjà, kíá ló máa sọ pé kò sí ààlà níbẹ̀ rárá. Ó fẹ́ rí ànjọ̀nnú, ẹlẹ́pà ló bá pàdé, ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbodè kò sí nílé.

Ẹnì kan wà tí kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló kọ Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945, tó jáde ní 1976. Ohun tó ṣe níbẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Ìran kan ṣoṣo ló mú, èdè kan, ọba kan náà, òrìṣà kan náà. Ó wo ohun tí Faransé fi ojú apá kan rí, ó sì wo ti Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Ṣáájú ìwé náà, ní 1970, ó ti kọ àròkọ kan lórí Alákétu àti Onímẹ̀kọ, èyí tí mo fẹ́ràn ju ìwé ńlá náà lọ. Abẹ́ Kétu ni Ìmẹ̀kọ wà látijọ́. Ní 1886, ogun Dàhòmì run Kétu, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí ìlú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n pín ilẹ̀, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tán, àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó, inú wọn dùn, wọ́n rò pé ìyà ti tán. Ṣùgbọ́n Faransé kò nílò ọba tó lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń wá ọba tí yóò máa tipasẹ̀ rẹ̀ ṣèjọba. Bí ọ̀gá ṣe ń rẹlẹ̀ ní Kétu nìyẹn, tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń ga sí i ní Ìmẹ̀kọ. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n o!

Ìwé ti 1976 náà tún sọ nípa owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe, àti bí Faransé ṣe ń mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun 1914 sí 1918. Àwọn ènìyàn di ẹrù wọn, wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó adìẹ, wọ́n bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́: bí kò bá sí ààlà, kí ni wọ́n sá kọjá?

Mo ní tèmi tí mo fẹ́ bá ìwé náà wí. Gẹ̀ẹ́sì tó le ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyá alágbada gàrí tó kọjá lábẹ́ okùn kò lè bá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Ì bá sì wù mí kí ohùn irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ní 1945 ló parí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìtàn ní láti dúró níbì kan. Ẹ̀bi àwọn tó tẹ̀lé e ni mo rí. Wọ́n mú ìlà orí pépà nínú iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi gbogbo ìyókù sílẹ̀.

Ìyókù yẹn kò tíì tán. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Àdéhùn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ní 20 oṣù kẹjọ 2019, ìjọba Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàrin 20 kìlómítà sí ààlà. Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ Ìlárá tó fẹ́ fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n ṣí mẹ́rin nínú àwọn ẹnubodè náà, Ṣẹ̀mẹ̀ wà lára wọn. Ti Ìdí-Ìrókò di oṣù kẹrin 2022. Ẹ lọ sọ fún àgbẹ̀ yẹn pé kò sí ààlà, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tó fi dá yín lóhùn. Ohun tó burú jù nínú àkọ́sórí wa yìí ni pé ó ń gba àwọn aláṣẹ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ tún ohun tí gbogbo ayé ní kò sí ṣe?

Síbẹ̀, mo fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ okùn àti epo sílẹ̀, nítorí ààlà tó jìn jù kò sí lójú ọ̀nà. Ara ògiri ilé ìwòsàn kékeré kan ní apá Kétu ni mo ti bá a pàdé. Wọ́n lẹ bébà kan síbẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo wò ó, mo rò pé Fọn ni. Mo tún wò ó: Yorùbá ni! "Ɔmɔ" ni wọ́n kọ, ọmọ ni wọ́n ń wí. Níbi tí àwa ń fi àmì sábẹ́ e àti o, ɛ àti ɔ ni tiwọn. Ṣ tiwa, sh ni lọ́dọ̀ wọn. P tiwa, kp ni. Ẹ̀pà tí oníbodè wa ń jẹ ní Ìlárá, bó bá ti gba abẹ́ okùn kọjá, ó di ɛ̀kpà.

Ẹ jẹ́ ká má tètè bínú. Ní 1974 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò, orí èyí tí ìjọ àti àwọn tíṣà ti ń lò láti ayé Crowther ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Ní 1975, Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ wọn, kí ọmọ Fọn àti ọmọ Yorùbá lè máa kọ ìró kan náà bákan náà. Àwọn méjèèjì ló ní ìdí, ti Bẹ̀nẹ̀ gan-an tiẹ̀ mọ́gbọ́n dání lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló wà láàrin wọn! Òyìnbó ti kúrò nílẹ̀ láti 1960 ní ìhà méjèèjì. Ìlà yìí, àwa la fi ọwọ́ ara wa fà á, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì tí a lè bẹ̀ pé kó sọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà nínú báàgì mi. Mo fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sí ìloro ilé ìwòsàn náà. Láti àárọ̀ ni a ti jọ ń sọ̀rọ̀, a sì ti rẹ́rìn-ín títí, kò sí ọ̀rọ̀ mi kan tí kò gbọ́. Faransé ló fi kàwé dé ibi tó kà á dé. Ó ṣí ìwé náà, ó ń ka àkọlé rẹ̀ sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó dé orí ọ̀rọ̀ kan tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni àwọn ẹ̀fọn tó bà sí i yìí?"

Mo ṣàlàyé. Ó tún un kà, ó bọ́ sí i lẹ́nu, ó ní òun á mú ìwé náà délé. Mo ní kó fún mi ní tiwọn náà, kí n mú u lọ sí Ìbàdàn, ìwé ìtàn ni o, ìwé àdúrà ni o, èyíkéyìí tí wọ́n bá fi ɛ àti ɔ kọ. Ó ronú títí, ó wá nawọ́ sí ara ògiri.

"Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ ká a lọ."